Ilẹ̀ ni ó ń rì, àbí òkun ni ó ń ga?

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí wá láti Ọ̀pẹ̀bí, ní Ìkẹjà, láti ọwọ́ ìyá kan tí ń ta aṣọ àti olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ayálégbé rẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ da owó pọ̀ ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Lẹ́kí. Ìyá ní òun gbọ́ lọ́jà pé Èkó ń rì, pé bí òun bá kó owó òun lọ síbẹ̀, inú omi ni òun dà á sí. Olùkọ́ ní, “Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ibi tí awẹ́ ilẹ̀ ayé ti ń pàdé ara wọn ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bíi Jàpáàní. Ilẹ̀ tiwa kì í lọ sókè, kì í sì í lọ sílẹ̀.” Ìyá dá a lóhùn pé, “Tíṣà, ta ni ó bá ọ wọ̀n ọ́n?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí, wọ́n sì kọ̀wé sí wa kí a bá wọn dá a.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó wọ̀ wá lára jù. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pá wọn aṣọ fún ogójì ọdún mọ̀ pé ẹnu kò ṣe é wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń wọn ilẹ̀ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé orí ilẹ̀ yìí kan náà ni ẹni tí ń wọ̀n ọ́n dúró sí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ti olùkọ́ yẹ̀ wò, nítorí òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Bí obì ti ní awẹ́ ni èèpo ilẹ̀ ayé ní awẹ́, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn, ìrìn wọn kò kàn yá ju bí èékánná ọwọ́ ti ń hù lọ. Níbi tí awẹ́ kan bá ti ń wọ abẹ́ èkejì, etí wọn a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, èyí tí ó wà lókè a sì máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọparun tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọparun náà bá já gbà, ilẹ̀ a mì tìtì, etíkun kan a ta sókè, òmíràn a sì jìn wọ inú omi, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Chile ní ọjọ́ 20 Oṣù Kejì 1835. FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Beagle tí Charles Darwin bá rìnrìn àjò, lọ wo erékùṣù kan tí ń jẹ́ Santa María lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ náà. Ó bá àwọn ẹran inú ìkarahun tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta lábẹ́ omi, tí wọ́n ti kú, tí wọ́n ń rùn, ní òkè réré ibi tí òkun ń dé nígbà tí ó bá kún. Ó mú ohun èlò ìwọ̀n rẹ̀, ó sì rí i pé erékùṣù náà ti lọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10. Ẹran tí kò lè rìn tí kò sì lè purọ́ ni ó fi ṣe ọ̀pá ìwọ̀n. Ní Jàpáàní, ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹta 2011, òdìkejì rẹ̀ ni a rí: etíkun Oshika rì ju mítà kan lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, títí di pé àwọn àdúgbò kan ní Ishinomaki tí ó wà nítòsí rẹ̀ ń kún fún omi nígbàkúùgbà tí òkun bá kún, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀.

Ó dára. Awẹ́ Áfíríkà ni àwa wà lórí rẹ̀, a kò sì sí ní etí rẹ̀. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ni etí náà wà níhà ọ̀dọ̀ wa, ó sì jìnnà sí Èkó ju kìlómítà 1,500 lọ. Èyí kò ní kí ilẹ̀ wa má mì rárá o: ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2009, ilẹ̀ Accra sì mì ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹfà 1939 títí tí ilé fi wó pa ènìyàn. Síbẹ̀, kò sí awẹ́ kan tí ń wọ abẹ́ èkejì lábẹ́ Èkó. Ibi tí olùkọ́ wa gbọ́n dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fo ọ̀rọ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì tóbi: awẹ́ nìkan kọ́ ni ń gbé ilẹ̀ lọ sókè sódò. Jàpáàní tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an ni yóò jẹ́rìí mú un.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá tí a rì mọ́ etí èbúté, tí a fín nọ́ńbà sí, tí a sì ń ka ibi tí omi dé lára rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru ni ó pẹ́ jù. Ẹ̀rọ ni ó ń kà á nísinsìnyí. Takoradi ní ilẹ̀ Gánà ti ní tirẹ̀ láti 1929, ó sì wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ìlú Liverpool, ilé iṣẹ́ kan wà láti 1933 tí ó ń gba irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ jọ láti gbogbo àgbáyé. A ti ka omi ní èbúté Èkó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kíkà náà ń já, ó ń so. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni fún ìlú tí òkun jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí ìwé tí a kò kọ lọ́dún yìí, kò sí owó tí a lè fi rà á lọ́dún tí ń bọ̀.

Ọ̀pá yìí sì ní àbùkù kan. Ẹ fojú inú wo ọmọ kan tí ó dúró nínú odò, tí omi dé orúnkún rẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì dé itan rẹ̀ lọ́sàn-án. Odò lè ti kún. Ẹrẹ̀ sì lè ti gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà mì. Bí a bá ń wo omi lára ọmọ nìkan, a kò lè mọ èyí tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá etí òkun: bí ilẹ̀ tí a rì í mọ́ bá ń lọ sílẹ̀, yóò máa sọ pé òkun ń ga. Nítorí náà a ní láti rí ọ̀nà mìíràn tí a ó fi wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn súfèyọ̀ ìgbà àtijọ́ ń ṣe é láti orí òkúta àmì kan sí èkejì, láti ibi tí ilẹ̀ ti le títí dé etí omi, wọn a sì padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan wá tún un wọ̀n. Iṣẹ́ oníṣùúrù ni. Lóde òní, a lè kan ẹ̀rọ kan mọ́ òpó tí ó dúró ṣinṣin, kí ó máa gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po lójoojúmọ́, kí ó sì máa sọ ibi tí òun wà. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, lára àwọn tí ọ́fíìsì Súfèyọ̀ Àgbà ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi mílímítà sọ ìrìn ilẹ̀ lọ́dún kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí ó wà nìkan ni ó mọ̀. Akọka kò lè jẹ́rìí fún Ajáh.

Èyí tí ó wá mọ gbogbo ìlú ni sátẹ́láìtì tí ń fi rédà wo ilẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù jù ọ̀kan sókè ní Oṣù Kẹrin 2014, Sentinel-1 ni wọ́n pè é, ó sì ń fò kọjá ní òkè tí ó tó kìlómítà 700, a sì máa padà sórí ibi kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 12. Ẹ̀yin aláṣọ yóò tètè mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ sọ pé ìgbì rédà náà dà bí aṣọ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ ń padà wá ní sẹ̀ǹtímítà 5 àti ààbọ̀, nígbà gbogbo, láìyẹ̀. Ó ta aṣọ náà láti òkè kan òrùlé yín, ó sì kà á padà. Bí ó bá tún dé lẹ́yìn ọjọ́ 12, tí ó ta á, tí ó sì rí i pé ibi tí iṣẹ́ aṣọ parí sí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó mọ̀ pé òrùlé ti kúrò ní ibi tí ó wà. Nítorí pé ó mọ iṣẹ́ aṣọ náà dunjú, ó lè mọ ìyàtọ̀ tí kò tó ìpọn èékánná. Ojú omi àti inú igbó a máa dà á láàmú, ṣùgbọ́n ìlú tí ó kún fún òrùlé páànù àti sìmẹ́ńtì dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ẹ̀rọ irú ti Akọka ni a sì fi ń dá ìṣirò rẹ̀ dúró, kí ó má baà ṣì í.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Tokyo. Ìlú yìí wà létí ibi tí àwọn awẹ́ ilẹ̀ ti ń pàdé, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó jẹ́ àgbákò sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 1923. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn súfèyọ̀ jáde láti tún gbogbo òkúta àmì wọ̀n. Wọ́n rí i pé àdúgbò Koto, tí ó wà ní ìlà-oòrùn ìlú náà, tí ó sì kún fún ilé iṣẹ́, ti lọ sílẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, ìmìtìtì ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, ìmìtìtì ti lọ, Koto kò sì dúró. Àwọn mìíràn wá fura sí kànga àwọn ilé iṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ogun ni ó dá ẹjọ́ náà. Ní nǹkan bí 1945, bọ́ǹbù ti ba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀rọ ìfami dákẹ́, omi kànga gòkè padà, ilẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogun, tí wọ́n tún ń fa omi, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí rì. Kò tún sí ẹni tí ó lè jiyàn. Ìjọba Jàpáàní ṣe òfin lórí omi ilé iṣẹ́ ní 1956, wọ́n tún ṣe ti omi àwọn ilé ńlá ní 1962, wọ́n sì wá omi odò fún àwọn tí wọ́n gba kànga lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí yóò fi tó àárín ẹ̀wádún 1970, rírì náà ti dẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní Koto tí ó ti lọ sílẹ̀ ju mítà 4 lọ, kò sì padà sókè. Ẹ̀yìn ògiri tí a fi dènà omi ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé títí di òní.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí kò fi padà? Ẹni tí ó bá ti ṣe gàrí rí kò ní béèrè. Nígbà tí a bá di ẹ̀gẹ́ rírìn sínú àpò tí a sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi a jáde, àpò a sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé jáàkì kúrò kí ẹ sì da omi lé e lórí: yóò tutù, ṣùgbọ́n kò ní wú tó ti tẹ́lẹ̀. Amọ̀ tí ó wà láàárín yanrìn abẹ́ ilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ wà lára ohun tí ń gbé ẹrù ilẹ̀ ró. Bí a bá fà á kúrò, ilé, ọ̀nà àti ilẹ̀ òkè a di jáàkì.

A padà sí Èkó. Yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láti ayébáyé ni Èkó jókòó lé. Ẹrẹ̀ rírọ̀ sì pọ̀ ní àwọn ibi tí ó wà ní etí ọ̀sà, orí ẹrẹ̀ náà sì ni a tún ń da yanrìn lé kí a tó kọ́lé. Ní 2022, Leonard Ohenhen àti Manoochehr Shirzaei, ti Virginia Tech ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí Èkó, tí wọ́n fi àwòrán rédà Sentinel-1 ṣe. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ Èkó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́, pé kò sì dọ́gba: ibì kan kò ju mílímítà díẹ̀ lọ lọ́dún, ibòmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n so ó mọ́ ewu ilé wíwó. Àìdọ́gba yìí gan-an ni ó sì yẹ kí ó bani lẹ́rù. Ilé tí gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ pọ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí igun kan rẹ̀ lọ tí igun kejì kò lọ ni ògiri rẹ̀ ń sán.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ti Bar Beach o. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láti 1908 kí ọkọ̀ ojú omi lè ríbi wọlé, ògiri náà sì dá yanrìn tí ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró. Láti ìgbà náà ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etí Victoria Island. Ìyẹn ni kí òkun máa gé ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí a ń sọ ni kí ilẹ̀ máa lọ sísàlẹ̀ níbi tí ó wà. A lè mọ ògiri dí ti àkọ́kọ́. Ti èkejì kò mọ ògiri.

Òkun fúnra rẹ̀ náà kò dúró. Láti 1993 tí àwọn sátẹ́láìtì ti ń wọn ojú òkun káàkiri ayé, ó ti ń ga ní ohun tí ó ju mílímítà 3 lọ lọ́dún. Ẹ bá wa ṣírò: bí òkun bá ń ga ní mílímítà 4, tí ilẹ̀ ibì kan sì ń rì ní mílímítà 6, mílímítà 10 ni omi fi ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé lọ́dún. Ní ọgbọ̀n ọdún, sẹ̀ǹtímítà 30 ni, rúlà tí ọmọ iléèwé ń lò, tí a gbé dúró ní òró. Gọ́tà tí a là kí ó máa ṣàn lọ sínú ọ̀sà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí gba omi ọ̀sà wálé nígbà náà.

Ọ̀pẹ̀bí ńkọ́? Orí yanrìn tí ó ti dàgbà, tí ó sì ti kì, ni Ìkẹjà wà, ó ga ju etí òkun lọ dáadáa, yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ odò Ìyá Aláró níbi tí a ti ń sọdá lọ sí Ojota. Ìyá aláṣọ lè sùn ní ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ̀bí ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ni a ti ń pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ sì fẹ́ràn omi. Lónìí, kò sí ilé epo, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn tàbí ilé alágbàálá mẹ́fà tí kò ní kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, nítorí omi ìjọba láti Ìjú àti Àdìyàn kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. A kò lè bá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ jà. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀: láti òkè ní ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń yọ́ rìn lọ síhà òkun, èyí tí a bá fà ní Ìkẹjà kò ní dé Èkó mọ́. Tokyo kò gba kànga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fún un ní omi odò; ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìpàdé àdúgbò, ẹ fi èyí sí ẹnu nígbà tí ẹ bá ń béèrè páìpù.

Ní ti ilẹ̀ Lẹ́kí tí àwọn méjèèjì fẹ́ rà, a kò ní kí wọ́n má rà á. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ olùtà bóyá yanrìn ni a dà síbẹ̀, àti ọdún tí a dà á, nítorí yanrìn tuntun lórí ẹrẹ̀ a máa wọlẹ̀ jù ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí wọ́n sanwó fún ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ó tó fa ìpìlẹ̀, kí súfèyọ̀ tí wọ́n bá lò sì kọ gíga ilẹ̀ náà sínú ìwé, láti orí òkúta àmì ìjọba, kì í ṣe láti ojú títì tí ó lè jẹ́ pé òun náà ń lọ. Kí wọ́n sì rìn yí àdúgbò náà ká kí wọ́n wo ẹsẹ̀ àwọn ilé ńlá. Ilé tí a fi òpó gígùn gbé lé ilẹ̀ líle kì í lọ, ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ni ń lọ. Bí àtẹ̀gùn bá ti ya kúrò lára ilé, tí wọ́n sì ti fi ìpele kan kún un nísàlẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀n nìyẹn.

Ọ̀kan kù tí ẹ lè ṣe nínú ọgbà yín ní Ọ̀pẹ̀bí. Ní Jàpáàní, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé páìpù irin kànga jíjìn ń “hù” jáde láti inú ilẹ̀ lọ́dọọdún. Páìpù kò hù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ líle, ilẹ̀ òkè sì ń sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀. Kí tíṣà fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí páìpù kànga ilé ká níbi tí ó ti kan sìmẹ́ńtì, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi rúlà wò ó ní ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Kí ó ṣáà rí i pé orí sìmẹ́ńtì ni ó ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orí erùpẹ̀, nítorí ọ̀gbàrá lè gbé erùpẹ̀ lọ kí a sì rò pé ilẹ̀ ni ó rì.